Àsálà Ẹ̀yìnkùlé Adébùsóyè

Ayọ̀mikún jẹ ẹ̀kọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó sì bèèrè òmíràn. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti kú.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ ṣa àsálà tí ó já bọ́ lóru, ó mú èso kan padà wọlé, ó sì ń fa ìka lẹ́nu. Bísọ́dún, ìyá rẹ̀, gbá a lọ́wọ́ pé kí ó yé fi ìdọ̀tí sẹ́nu. Ọmọ náà ní oorun ń kùn òun. Ó lọ dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Nígbà tí ìyá rẹ̀ máa padà yẹ̀ ẹ́ wò, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wálẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n pè é, kò lè dáhùn. Wọ́n gbé e sáré dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá níbẹ̀ fọwọ́ kan ara rẹ̀, kò gbóná. Ó tú aṣọ rẹ̀ wò, kò wú. Ó béèrè ohun tí ó jẹ. Wọ́n ṣì ń dá a lóhùn lọ́wọ́ tí èémí fi tán nínú ọmọ.

"Irú ikú wo nìyí?" Ìbéèrè yìí gba gbogbo àdúgbò Yába kan ní ìlú Oǹdó. Ikú tí kò ní ibà, tí kò ní ọgbẹ́, tí kò ní èébì.

Ọdún náà le. Àwọn ọdún tí wọ́n ń pè ní Sáàpù ni, tí náírà di yẹpẹrẹ, tí ilé ìwòsàn kò ní oògùn, tí olùkọ́ ń ṣiṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò dé. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹnu tí kò rí oúnjẹ jẹ a máa jẹ ọmọnìkejì. Ọ̀rọ̀ tí kò wúlò kò wọ́n ní Oǹdó nígbà náà. Òun nìkan ni kò wọ́n.

Ilé tí ọmọ náà ti kú jẹ́ ti ọmọ ìyá méjì. Adébùsóyè, ẹ̀gbọ́n, tí ó jẹ́ káfíńtà, ni ó ni apá ọ̀tún. Akínlolú, àbúrò, awakọ̀ lọ́rì, ọkọ Bísọ́dún, ni ó ni apá òsì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yẹn, inú rírun pa Adébùsóyè lẹ́yìn àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ìbídùnní, ìyàwó rẹ̀, ṣì wà nínú aṣọ dúdú. Ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín ni, kì í ṣe ọmọ Oǹdó. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó bí, Túnmiṣe, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Àkúrẹ́.

Lẹ́yìn apá ti Adébùsóyè ni àsálà náà wà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi gbìn ín kí ó tó gbéyàwó. Ìtàkùn náà gun igi ìyeyè, ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí ìyeyè, ó di òkìtì sílẹ̀, ó sì fọwọ́ kan páànù ilé ìdáná tí Akínlolú ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Láti ìgbà tí ọwọ́ tí ń rẹ́ ẹ ti kú, ó ti di igbó. Kòkòrò jẹ ewé rẹ̀ ní àjẹlu. Èèrà tò lórí rẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Èkúté ń sáré nínú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, òórùn èso rẹ̀ tí ó jẹrà kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn dúró pẹ́ nítòsí. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, òwìwí kan a máa ké nínú rẹ̀.

Adìẹ Bísọ́dún ń dínkù. Ewúrẹ́ Akínlolú bí òkú ọmọ. Ẹ̀gbọ́n kú, ọmọ àbúrò tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ojú gbogbo ènìyàn ń wo ibì kan náà.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ọmọ, Akínlolú dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́ ẹyẹ yẹn kí ọmọ wa tó kú. Ó pe orúkọ."

Bísọ́dún dìde jókòó. "Orúkọ ta ni?"

"Orúkọ ọmọ rẹ. Orí òrùlé aya Bùsóyè ni ó wà."

"O gbọ́, o kò jí mi?"

"Kí n jí ọ kí o ṣe kí ni? Ẹyẹ kọ́ ni ẹyẹ yẹn, Bísọ́dún. Ó ní ẹni tí ó ni ín."

Obìnrin náà kò sùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní òwúrọ̀, ó bá Ìbídùnní níbi tí ó ti ń jọ gàrí ní iwájú ilé. Kò kí i.

"Ìyáálé, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé àsálà yìí."

"Yóò di gígé. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ aṣọ ọrùn mi ná."

"Ṣé aṣọ ni yóò gé e ni, àbí àdá?"

"Bísọ́dún, má fi mí ṣẹ̀fẹ̀."

"Ta ní ń ṣẹ̀fẹ̀? Ọmọ mi wà nínú ilẹ̀! Ìtàkùn yìí kò so dáadáa mọ́, ẹ kò tà á, ẹ kò jẹ ẹ́, ẹ kò sì jẹ́ ká gé e. Kí ni ẹ ń ṣọ́ níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ ká gé e."

"N kò lè gé e."

Kíkẹ́lọmọ, aládùúgbò tí ń ta ògì gbígbóná lójúde kejì, ti na ọrùn wọ inú ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹni tó ní àpò òun ṣófo, kí ló fi ń fọwọ́ di ẹnu àpò?"

Ìbídùnní kò gbójú sókè. "Kíkẹ́lọmọ, ògì rẹ ń hó dànù."

"Ẹ jẹ́ kó dànù. Ògì ni, kì í ṣe ọmọ ènìyàn."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dùn létí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bísọ́dún àti Kíkẹ́lọmọ fara pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀ lójú ọ̀run. Ìbídùnní ti ẹ̀yìn ilé rẹ̀ jáde, ó gbé igbá tí ó fi aṣọ bò. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ìtàkùn, ó ṣí igbá náà, ó sì ń bu ohun funfun kan wọ́n sí ìdí rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì. Lójijì òwìwí náà fò jáde láti inú ewé, ó kọjá lókè orí rẹ̀. Ìbídùnní kò ta gìrì. Ó ń bá ohun tí ó ń ṣe lọ.

Kíkẹ́lọmọ di Bísọ́dún lọ́wọ́ mú gírígírí. "Ṣé o rí i? Ó ń bọ́ ọ."

"Ó ń bá a sọ̀rọ̀."

"Ẹyẹ kọjá lórí rẹ̀, kò sá! Ta ni kì í sá fún òwìwí? Ẹni tó ni ín ni."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ohun funfun náà ti di ìyẹ̀fun egungun ní ẹnu àwọn kan, òwìwí kan ti di méje. Ní ọjọ́ Sunday, Ìbídùnní jókòó ní ìjókòó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin tí wọ́n máa ń jókòó tì í rí àyè níbòmíràn. Ó kọ orin rẹ̀ tán, ó sì dá lọ sílé.

Akínlolú dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Aya Bùsóyè, ẹbí máa jókòó lọ́jọ́ Sátidé. Bí ẹ bá gé ìtàkùn yẹn kó tó di ìgbà náà, ọ̀rọ̀ tán. Bí ẹ kò bá gé e, ẹ ó kó ẹrù yín padà sí Ìlárá. A kò lè máa bá ohun tó ń pa wá gbé."

"Ọkọ mi," bí ó ṣe máa ń pe gbogbo ẹbí ọkọ rẹ̀ nìyẹn, "ẹ̀yin náà mọ ìdí tí n kò fi lè gé e."

"Èmi?" Ojú Akínlolú kúrò lára rẹ̀. "N kò mọ nǹkan kan."

Ìbídùnní wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá lé e jáde, orúkọ àjẹ́ yóò ṣáájú rẹ̀ dé Ìlárá, yóò sì tẹ̀ lé Túnmiṣe dé Àkúrẹ́. Kò sí ọkùnrin tí yóò fẹ́ ọmọ àjẹ́, kò sí ẹni tí yóò fún ọmọ àjẹ́ ní aṣọ rán. Ó kàn ní láti sọ gbólóhùn kan. Síbẹ̀ kò sọ ọ́.

Pa Rufus ni olórí ẹbí náà. Àbúrò bàbá Adébùsóyè àti Akínlolú ni, katikíìsì tí ó ti fẹ̀yìn tì, Àkúrẹ́ ni ó sì ń gbé. Sátidé ni wọ́n pè é; ọ̀sán Friday ni ó dé. Kì í fẹ́ kí wọ́n ro ẹjọ́ fún òun lójú èrò kí òun tó mọ ìdí rẹ̀. Ó mu omi, ó kọ oúnjẹ, ó sì ní kí wọ́n gbé àga fún òun sí ẹ̀yìnkùlé Ìbídùnní, níbi tí ó ti lè rí àsálà náà.

"Ìyàwó mi, ṣé àjẹ́ ni ọ́?"

"Rárá, bàbá."

"Kí ló dé tí o kò gé ìtàkùn?"

Ìbídùnní kúnlẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Opó ni mí, bàbá. Láti ìgbà tí mo ti dé Oǹdó ni wọ́n ti kọ́ mi pé opó kì í sọ̀rọ̀ ogún kó tó bọ́ aṣọ dúdú."

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo dàgbà jù nínú ilé yìí ni mo ní kí o sọ ọ́."

Ó sọ ọ́. Nígbà tí bàbá wọn kú tí wọ́n pín ilẹ̀, Adébùsóyè gbin àsálà sí ilẹ̀ tirẹ̀, nítorí gbogbo Oǹdó ló mọ̀ pé ẹni tí a yá ní ilẹ̀ a gbin ẹ̀gẹ́, a gbin àgbàdo. Ẹni tó nilẹ̀ ló ń gbin ohun tí yóò pẹ́ jù ú lọ. Àwọn àgbà tó pín ilẹ̀ náà ti kú tán. Ìbídùnní kò tí ì wọ ilé náà nígbà yẹn. Lórí àìsàn ni ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un pé bí òun bá kú, àsálà yìí ni ẹ̀rí rẹ̀, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e. Ó ṣì wà lórí àìsàn náà tí Akínlolú fi kọ́ ilé ìdáná sí ẹ̀bá ìtàkùn.

"Wọ́n ní o máa ń bọ́ ọ nírọ̀lẹ́."

"Eérú ni, bàbá. Mo ń da eérú sí ìdí rẹ̀ kí kòkòrò má baà pa á. Bí ó bá kú, ẹ̀rí mi kú. Mo sì máa ń gbàdúrà níbẹ̀, nítorí wọn kò jẹ́ kí n rójú gbà á ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Pa Rufus mí kanlẹ̀. "Kàbbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ yìí. N kò sí níbẹ̀. N kò lè jẹ́rìí ohun tí ojú mi kò rí."

"Mo mọ̀, bàbá."

Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, àbúrò Ayọ̀mikún, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgé-tàgé, ti yọ́ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àsálà kan ló rí nílẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ewé kí Ìbídùnní tó rí i. Obìnrin náà fò dìde, kò rántí pé òun kúnlẹ̀ níwájú àgbà, ó sáré, ó já ọmọ gbà kúrò nílẹ̀. Ewé mì lókè orí wọn. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́.

Bísọ́dún ti dé. "Má fọwọ́ kan ọmọ mi! Ṣé ìkan kò tó ọ?"

Ìbídùnní gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́. Ó padà wá bá Pa Rufus.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e."

"Ilẹ̀ ńkọ́?"

"Bí ilẹ̀ máa lọ, kó lọ. Ohun kan wà nínú ewé yẹn, n kò mọ ohun tó jẹ́. Ọmọ kan ti ti ibẹ̀ dé, ó kú. N kò ní jókòó ṣọ́ ẹ̀rí títí yóò fi pa èkejì."

"Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ, n kò ní agbára láti gbà á padà."

"Mo gbọ́, bàbá."

Ilẹ̀ mọ́, ẹbí pé. Kíkẹ́lọmọ, tí kò sí ẹni tí ó pè é, ti wà níbẹ̀ kí àwọn tí a pè tó dé. Akínlolú ti pọ́n àdá sílẹ̀. Pa Rufus ní kí wọ́n gé ìtàkùn náà nídìí lásán, kí wọ́n fi sílẹ̀ títí ewé yóò fi rọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ń ṣe é, kí ohun tí ń gbé inú rẹ̀ lè kó jáde kí ọwọ́ ènìyàn tó wọ̀ ọ́.

"Bàbá, ohun tó wà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rí àyè sá lọ," ni Akínlolú wí. "Òní là ń pa á."

Ó gé e. Àwọn ọkùnrin so okùn mọ́ ọn, wọ́n fà á. Gbogbo rẹ̀ ya kúrò lára ìyeyè, ó sì wó lulẹ̀ gbìì. Òwìwí fò jáde sínú oòrùn, kò ríran, ó ń fi ìyẹ́ lu ẹ̀ka. Àwọn obìnrin figbe ta. "Jésù! Òun nìyẹn!"

"Òwìwí ni," ni Pa Rufus wí. "Èkúté ló wá jẹ. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín."

Èkúté ti ń tú jáde lóòótọ́, ńlá, kékeré, ọmọ ọwọ́ tí kò tí ì híwù. Àwọn ènìyàn ń fò sókè, àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń fa okùn ju okùn sílẹ̀ tí ó sì fà sẹ́yìn. Láàárín ewé, ohun tí gbogbo wọn rò pé ẹ̀ka tútù ni gbé orí sókè. Ejò ni, tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ewé àsálà. Wọ́n fi àpólà igi lù ú pa.

Ẹ̀rín tán. Pa Rufus dìde lórí àga rẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó fi ọ̀pá yí i padà.

"Mo mọ irú ejò yìí ní Kàbbà. Ojú eyín rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ibi tó bá bù jẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ wú. Oorun ni ẹni náà yóò máa sùn." Ó yíjú sí Bísọ́dún. "Ìyàwó mi, kí ni ọmọ yẹn sọ nígbà tó wọlé?"

"Ó ní oorun ń kùn òun."

"Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

Bísọ́dún wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ó ń fa ìka rẹ̀. Mo gbá a lọ́wọ́, bàbá. Ó ń dùn ún, mo gbá a lọ́wọ́."

Ó jókòó sílẹ̀. Ìbídùnní ni ó sún mọ́ ọn jù, òun ni ó gbá a mú. Bísọ́dún kò já ara rẹ̀ gbà. Ó fi orí sínú aṣọ dúdú obìnrin náà, ó ní, "Ìyáálé, ìyáálé."

"Ìwọ kò mọ̀," ni Ìbídùnní ń wí fún un. "Ta ni ì bá mọ̀?"

Kíkẹ́lọmọ bojú wẹ̀yìn, ó ní òun fi nǹkan sórí iná, ó sì lọ.

Gbogbo ènìyàn ti dáwọ́ dúró, àfi Akínlolú. Bàbá ọmọ tó kú ni, àwọn ènìyàn sì rò pé yóò dúró wo ejò tó pa ọmọ rẹ̀. Kò wò ó. Àdá rẹ̀ ń lọ láàárín òkìtì tó bo ilẹ̀ lẹ́bàá ilé ìdáná, ó ń gé, ó ń wọ́ dànù, kíákíá, bí ẹni tí òjò fẹ́ ká mọ́.

"Ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀," ni ó ń wí. "Ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ o jàre."

Ó wọ́ ìdì ewé kan kúrò, ó sì dúró. Pèrègún mẹ́ta wà lábẹ́ rẹ̀. Òjìji ti sọ wọ́n di pípọ́n, wọ́n gbẹ tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n yè. Wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn gbọọrọ. Akínlolú gbé àdá sókè.

"Akínlolú." Pa Rufus kò pariwo. "Fi àdá yẹn sílẹ̀."

"Bàbá, igbó náà ni."

"Pèrègún kì í dá tò fúnra rẹ̀."

Gbogbo ẹbí ti rí i. Kò sí ọmọ Oǹdó tí kò mọ̀ pé pèrègún ni wọ́n fi ń ṣe ààlà láàárín ilẹ̀ ẹni méjì. Pa Rufus na ọ̀pá rẹ̀ sí èkínní, ó sún un dé ìkẹta, ó sì jẹ́ kí ojú wọn máa bá a lọ lójú ìlà náà. Ìlà náà dé ògiri ilé ìdáná Akínlolú, ó wọ inú rẹ̀. Ní ẹsẹ̀ ògiri, kùkùté pèrègún kan yọ ṣóńṣó, wọ́n ti fi àdá gé e tipẹ́. Èyí tí ó hàn lójú ni Akínlolú ti gé. Èyí tí àsálà bò, kò mọ̀ pé ó ṣẹ́ kù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà sì kú láìmọ̀.

Ìbídùnní ń wò ó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀. Ìtàkùn tí ó ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣọ́ láti ọjọ́ yìí wá ni ó bo ẹ̀rí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bísọ́dún ti dìde. Ó kọjá lára ejò, ó kọjá lára èkúté, ó lọ dúró níwájú ọkọ rẹ̀.

"Akínlolú, ṣé nítorí ilẹ̀ yìí ni?"

Ọkùnrin náà ń wo àdá ọwọ́ rẹ̀.

"Mo bi ọ́ léèrè. Ọmọ mi kò tí ì lo ọjọ́ kan nínú ilẹ̀ tí o fi dá mi jókòó tí o sọ fún mi pé obìnrin yìí ló jẹ ẹ́. Mo ti rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ ọ́. Ṣé ilẹ̀ ilé ìdáná ni?"

"Bísọ́dún, lójú àwọn èèyàn..."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó dára."

Ó yí padà. Ó wọ ilé ìdáná náà, wọ́n sì gbọ́ bí ó ṣe ń gbé irin àti abọ́ nínú rẹ̀. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ jáde. Ó padà wọlé, ó kó ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí eérú ṣì wà lára wọn. Ó gbé wọn kọjá níwájú Pa Rufus, kọjá níwájú gbogbo ẹbí, sí ojú gbangba níbi tí òjò lè pa iná.

"Níbo lo ń kó wọn lọ?" ni Akínlolú béèrè.

"Sórí ilẹ̀ tí a ní," ni Bísọ́dún wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń to ààrò.